Orí Kìíní: Ibi Tí Ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù Pọ̀ Sí àti Ibi Tí Ó Ti Ṣọ̀wọ́n

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí ọmọ Yorùbá tí a bí sí Accra ń bá pàdé nígbà tí ó bá kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tí ó sì gun òkè Legon lọ sí yunifásítì láti kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ìpoògùn tàbí ìmọ̀ ìṣègùn, kò sí èyí tí òkìkí ẹ̀rù rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọ ìlú tó kẹ́místrì ọ̀gáníìkì. Nítorí àwọn tí wọ́n ti là á kọjá a máa sọ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò lóǹkà, àti pé bí ènìyàn bá há ogójì ìyípadà sórí lónìí, ọgọ́rin mìíràn ni yóò jí bá lọ́la. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tí ó bá gbá ẹ̀kọ́ yìí mú láti ibi tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ, ibi pẹlẹbẹ kẹ́místrì ọ̀gáníìkì sì ni ìbéèrè kan ṣoṣo tí a óò máa bi gbogbo mólékù tí a bá rí: níbo lára rẹ ni ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù ti pọ̀, níbo ni ó sì ti ṣọ̀wọ́n? Ẹni tí ó bá ti sọ ìbéèrè yìí di bárakú kò ní nílò láti há ìdajì ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń há sórí, nítorí ìdáhùn rẹ̀ ni yóò máa sọ ohun tí ó fẹ́ ṣẹlẹ̀ fún un kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo kọ orí ìwé yìí fún nìyẹn.

Kábọ̀nù ni olórí gbogbo ohun tí a óò máa bá lò. Kábọ̀nù ọlọ́wọ́ mẹ́rin, a-di-ará-ilé-mú-di-àlejò-mú, ó dúdú nínú èédú, ó ń kọ mànà nínú dáyámọ́ńdì Akwatia, òun náà ni a bá nínú epo, nínú ọtí, nínú ṣúgà, nínú òwú àti nínú ẹran ara wa. Ní ayé àtijọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé ara ohun ẹlẹ́mìí nìkan ni a ti lè rí irú àwọn ohun bẹ́ẹ̀, títí di ọdún 1828 tí Friedrich Wöhler, ará Jámánì, fi pèsè urea, èyí tí a ń bá nínú ìtọ̀, láti inú iyọ̀ kan tí wọ́n kà sí ohun aláìlẹ́mìí. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé òfin tí ń darí òkúta ni ó ń darí ewé àti ẹ̀jẹ̀, kò sì sí àdììtú kan nínú ẹ̀kọ́ yìí tí làákàyè kò lè tú.

Òfin kìíní rèé, kò sì gbọdọ̀ kúrò lọ́kàn akẹ́kọ̀ọ́: ìdè 4 ni kábọ̀nù ń ní, náítrójìn ń ní 3, ọ́ksíjìn 2, háídrójìn àti chlorine ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kekulé, onímọ̀ kẹ́místrì kan, ni ó là á yé ayé ní ọdún 1858 pé ìdè 4 ni ti kábọ̀nù. Nínú ìwé ìdánwò, kábọ̀nù tí akẹ́kọ̀ọ́ fún ní ìdè 5 ń bẹ lọ́pọ̀ yanturu, kì í sì í ṣe pé wọn kò mọ òfin náà. Ọ̀nà ìkékúrú tí àwọn onímọ̀ ń gbà ya mólékù ni ó ń dà wọ́n láàmú. Nínú ọ̀nà yìí a kì í kọ lẹ́tà C, tàbí H tí ó bá so mọ́ ọn. Ìlà ni a ń fà, ìgun kọ̀ọ̀kan àti ìpẹ̀kun ìlà kọ̀ọ̀kan sì dúró fún kábọ̀nù kan, tí háídrójìn tí a kò kọ sì wà níbẹ̀ ní iye tí yóò mú ìdè rẹ̀ pé 4. Nítorí náà, ní oṣù kìíní, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi pẹ́ńsù kọ gbogbo háídrójìn tí ó fara pamọ́ sínú àwòrán kọ̀ọ̀kan tí ó bá bá pàdé, kí ó sì máa ka ìdè. Iṣẹ́ náà ń súni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ojú tí ó bá sì ti rí ohun tí a kò kọ nígbà 200 yóò máa rí i láìwá a.

Lẹ́yìn èyí ni kí ó kọ́ pé iye átọ̀mù nìkan kò tó láti fi mọ mólékù. Akpeteshie tí wọ́n ń pọn ní Ghana láti inú ẹmu tàbí omi ìrèké, ìyẹn ọmọ ìyá ògógóró wa, ethanol ni ọtí inú rẹ̀, a sì ń kọ ethanol báyìí: C2H6O. Ohun mìíràn kan ń bẹ, dimethyl ether, C2H6O ni òun náà, kò fi átọ̀mù kan dín, kò sì fi ọ̀kan lé. Síbẹ̀ ethanol kì í hó títí ooru yóò fi dé 78 °C, nígbà tí èkejì ti di afẹ́fẹ́ láti 24 °C ní ìsàlẹ̀ òdo. Gbogbo aláǹgbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ìyàtọ̀ wọn ni pé nínú ethanol háídrójìn kan so mọ́ ọ́ksíjìn gan-an, àmọ́ nínú èkejì kábọ̀nù méjì ni ó há ọ́ksíjìn sí àárín. Ìdí tí ipò háídrójìn kan ṣoṣo fi lè fa ìyàtọ̀ tí ó ju 100 °C lọ ni ó mú wa padà sí ìbéèrè wa.

Ọ́ksíjìn jẹ́ ọ̀kánjúwà. Bí òun àti átọ̀mù mìíràn bá jọ ń pín ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù méjì lò nínú ìdè kan, òun ni yóò máa fà wọ́n sún mọ́ ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Linus Pauling, ará Amẹ́ríkà, fi nọ́ḿbà sí agbára ìfàmọ́ra yìí ní ọdún 1932: nínú ìwọ̀n tí a ń lò lónìí háídrójìn ní 2.20, kábọ̀nù 2.55, náítrójìn 3.04, chlorine 3.16, ọ́ksíjìn 3.44. Nọ́ḿbà márùn-ún yìí wà lára ìwọ̀nba ohun tí mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ há sórí ní tòótọ́, nítorí wọn ń sanwó ara wọn padà lójoojúmọ́. Ìdè kábọ̀nù mọ́ háídrójìn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí náà epo kẹrosíìnì, tí ó jẹ́ kìkì irú ìdè bẹ́ẹ̀ àti ìdè kábọ̀nù mọ́ kábọ̀nù, kì í bá omi tàbí ásíìdì jà. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ́ksíjìn bá ti so mọ́ kábọ̀nù, ọ̀dọ̀ ọ́ksíjìn ni ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù yóò pọ̀ sí, ọ̀dọ̀ kábọ̀nù ni àìní yóò wà, ibẹ̀ sì ni ìjà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ethanol, háídrójìn tí ọ́ksíjìn ti gba ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀ ń fà mọ́ ọ́ksíjìn mólékù tí ó wà nítòsí, báyìí ni gbogbo wọn ṣe ń di ara wọn mú tí ó fi gba ooru púpọ̀ kí ọ̀kan tó lè bọ́ lọ.

Bí mo bá fẹ́ fi ìyípadà kan ṣoṣo kọ́ ènìyàn ní kẹ́místrì ọ̀gáníìkì, ọṣẹ ni n óò mú. Ọṣẹ dúdú tí àwọn ará Ghana ń pè ní alata samina wà lórí àtẹ ní ọjà Makola àti ti Kaneshie títí di òní, ọṣẹ àwọn ènìyàn wa ni, orúkọ àwọn àlejò láti apá ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì fi ń pè é ní gbogbo ilẹ̀ náà. Nígbà tí òfin tí ìjọba Ghana ṣe lórí àwọn àlejò ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ìyá wa kúrò ní ọjà Ghana padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, sí Ìlọrin àti sí Òfà, ọṣẹ náà kò bá wọn lọ. Àwọn tí ń sè é a máa sun èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí yóò fi di eérú, wọn a sẹ́ omi eérú náà, wọn a sì dà á pọ̀ mọ́ àdín tàbí epo pupa lórí iná fún wákàtí pípẹ́. Potassium carbonate ni olórí ohun tí omi ń fà yọ nínú eérú náà, nígbà tí ó bá sì bá omi pàdé, a máa mú hydroxide jáde: ọ́ksíjìn kan àti háídrójìn kan tí ó ní àmì nẹ́gátíìfù, tí ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù kún fọ́fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo epo nísinsin yìí. Mólékù epo kan ní ìdí kan, ìyẹn glycerol, níbi tí okùn kábọ̀nù gígùn mẹ́ta so mọ́. Nínú àdín, nǹkan bí ìdajì àwọn okùn náà jẹ́ oníkábọ̀nù 12, nínú epo pupa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí kò ní ìdè oníméjì (ìdè méjì láàárín átọ̀mù méjì kan náà) jẹ́ oníkábọ̀nù 16. Níbi tí okùn kọ̀ọ̀kan ti so mọ́ glycerol ni a ti ń rí kábọ̀nù kan tí ọ́ksíjìn méjì yí ká, ọ̀kan nínú wọn sì fi ìdè oníméjì dì í mú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbọ́ tèmi láti òkè wá yóò ti dáhùn kí n tó béèrè: ọ̀kánjúwà méjì ni ó ń fa ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù kúrò lọ́dọ̀ kábọ̀nù yẹn, nítorí náà òun ni aláìní jù lọ nínú gbogbo mólékù náà. Kábọ̀nù 11 tàbí 15 tí ó kù nínú okùn náà kò já mọ́ nǹkan kan nínú ọ̀ràn yìí. Hydroxide kò ní yà sí ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀dọ̀ aláìní ni ọlọ́rọ̀ ń lọ.

Ọfà títẹ̀ ni a fi ń kọ ìrìn yìí sílẹ̀, Robert Robinson àti ẹnìkejì rẹ̀ ní Britain ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àṣà náà ní ọdún 1922. Ìrù ọfà gbọ́dọ̀ wà níbi tí ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù wà kí ó tó gbéra, orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n ń lọ. Nínú ọ̀ràn ọṣẹ, ọfà àkọ́kọ́ gbéra láti ọ́ksíjìn hydroxide, ó sì dé kábọ̀nù aláìní. Ṣùgbọ́n kábọ̀nù kò gbọdọ̀ ní ìdè 5, nítorí náà lẹ́ẹ̀kan náà ni ọfà kejì gbéra láti inú ìdè oníméjì, tí ó ti ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù méjì bọ̀ sórí ọ́ksíjìn tí ó wà ní òpin ìdè náà. Ohun tí ó wà láàárín kì í pẹ́: ọ́ksíjìn tí a ti ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù bọ̀ lọ́wọ́ yóò dá a padà láti tún ìdè oníméjì dì, èyí yóò sì lé ọ́ksíjìn ti glycerol kúrò. Àwọn méjèèjì tí ó ya ara wọn kì í ṣẹ́kù bẹ́ẹ̀, nítorí èyí tí ó jẹ́ ásíìdì yóò fi háídrójìn rẹ̀ fún ẹnìkejì lójú ẹsẹ̀. Ìfúnni yìí ni kì í jẹ́ kí ọṣẹ padà di epo. Ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn náà ni okùn gígùn tí ó ní àmì nẹ́gátíìfù ní orí kan, potassium tí ó sì tẹ̀ lé e, ìyẹn ọṣẹ, tí ó rọ̀ ju èyí tí a fi sodium ṣe lọ.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ ya èyí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìwo ìwé. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìtẹnumọ́, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò ọṣẹ yìí, pé ọlọ́rọ̀ wá, ìdè oníméjì ṣí, ó tún pa dé, ẹni tí ó lè lọ sì lọ, òun náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí aspirin bá tú nínú ara wa, nígbà tí a bá ń ṣe aṣọ nylon, nígbà tí ikùn bá ń da ẹran. Àwọn tí ń há nǹkan sórí ka gbogbo èyí sí ìyípadà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sórí páálí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìbéèrè kan náà ni ó ń tú ọ̀ràn ásíìdì. A ń wọn agbára ásíìdì pẹ̀lú nọ́ḿbà tí à ń pè ní pKa, bí nọ́ḿbà náà bá ti kéré sí i ni ásíìdì ti ń lágbára sí i, ẹyọ kan sì túmọ̀ sí ìlọ́po 10. Acetic acid tí ó wà nínú ọtí kíkan jẹ́ 4.76, ethanol jẹ́ nǹkan bí 16, bẹ́ẹ̀ ni ara ọ́ksíjìn ni háídrójìn tí ń bọ́ lọ ti ń bọ́ nínú méjèèjì. Kí a má ṣe wo ẹni tí ó ń lọ, kí a wo ẹni tí ó kù nílé: nígbà tí háídrójìn bá kúrò lára ethanol, ọ́ksíjìn kan ṣoṣo ni yóò máa dá ru àmì nẹ́gátíìfù náà, ṣùgbọ́n nínú acetic acid ọ́ksíjìn méjì ni yóò jọ gbé e. Àjọgbé ẹrù yìí ni ó fa ìlọ́po tí ó ju bílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ. Ní ìdàkejì, náítrójìn tí ó ní ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù méjì tí kò fi de ohunkóhun a máa gba háídrójìn lọ́wọ́ ásíìdì. Ní Mampong-Akuapem, lórí òkè tí a ń rí bí a bá ti Accra kọrí sí àríwá, ni Dókítà Oku Ampofo ti dá ibùdó ìwádìí egbòogi sílẹ̀ ní ọdún 1975, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́ lórí nibima, gbòǹgbò tí wọ́n fi ń wo ibà. Cryptolepine, C16H12N2, ni ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Bí náítrójìn rẹ̀ bá ti gba háídrójìn, ó di iyọ̀, ó lè wọ inú omi, kí ó fi ọ̀rá àti ọ̀dà gbòǹgbò náà sílẹ̀; bí a bá sì fi béèsì gba háídrójìn náà padà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò fi omi sílẹ̀. Báyìí ni a ṣe ń ya oògùn sọ́tọ̀ nínú egbò, ẹni tí ó bá mọ ibi tí ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù wà kò ní há ìtẹ̀léra rẹ̀ sórí.

Nípa ti ìrísí, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1874 ni van 't Hoff àti Le Bel, tí wọn kò jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, fi hàn pé ìdè mẹ́rin kábọ̀nù kò tẹ́ sílẹ̀ lórí bébà, àti pé wọ́n nà sí ọ̀nà mẹ́rin nínú òfuurufú. Igun tí ó wà láàárín wọn jẹ́ 109.5°. Ojú kò lè kọ́ èyí láti inú ìwé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ra ìlẹ̀kẹ̀ Krobo aláwọ̀ mẹ́rin ní ọjà, kí ó fi igi ìtayín gún wọn mọ́ ara amọ̀ tútù, kí ó tún ṣe òmíràn tí àwọ̀ méjì gbapò ara wọn, kí ó sì gbìyànjú láti gbé ọ̀kan lé èkejì kí gbogbo àwọ̀ bára mu. Kò ní ṣeé ṣe, bí ọwọ́ òsì kò ti lè wọ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún. Ara wa mọ ìyàtọ̀ yìí, nítorí náà a rí oògùn tí ọ̀kan nínú irú ìbejì bẹ́ẹ̀ ń wo àìsàn, tí èkejì kò sì ṣe nǹkan kan.

Ní ti ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ gan-an, ohun tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó mọ̀wé a máa jókòó sí Balme Library, ilé ìkàwé Legon, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tí wọn ń ka ìwé, tí wọn ń fi àwọ̀ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀, tí wọn ń wo ìdáhùn, tí wọn sì ń mi orí pé ó yé wọn. Kíkà kì í ṣe ṣíṣe. Bébà òfìfo àti pẹ́ńsù ni ohun èlò ẹ̀kọ́ yìí: kí a pa ìwé dé, kí a ya mólékù méjèèjì, kí a kọ àmì aláìní àti ọlọ́rọ̀ sí ara wọn, kí a fa ọfà, kí a tó wo ìdáhùn, bí a bá sì kùnà kí a tún un ṣe lọ́la láti ìbẹ̀rẹ̀. Wákàtí kan lójúmọ́ sàn ju òru Sátidé kan lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì jọ máa pàdé lọ́sẹ̀, kí ẹnì kan dúró síwájú pátákó kí ó máa ṣàlàyé, kí àwọn yòókù máa béèrè “kí ló dé?” títí kò fi ní sí èsì mọ́, nítorí ibi tí èsì bá ti tán ni ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò WAEC tí a ti yege rẹ̀ lè san èrè fún ẹni tí ó há nǹkan sórí; ti Legon kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí wọn a máa gbé mólékù tí ẹnikẹ́ni kò rí rí síwájú ọmọ, wọn a sì ní kí ó sọ ohun tí yóò ṣe.

Yàrá iṣẹ́ náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, pàápàá ní etí òkun wa yìí. Diethyl ether a máa hó ní 34.6 °C, ọ̀sán Accra nínú oṣù kẹta sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà kí ìgò rẹ̀ máa wà ní ibi tútù, kí iná má sì sí nítòsí, nítorí oru rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, a sì máa rìn lórí tábìlì lọ bá iná níbi tí ó wà. Ìyípadà tí Victor Grignard ṣàwárí ní ọdún 1900, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 1912, nílò ether gbígbẹ, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó sì ń jókòó ti ìgò rẹ̀ fún wákàtí kan tí kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìbéèrè wa: magnesium tí a fi ń ṣe é kò ní ọ̀kánjúwà rárá, 1.31 ni nọ́ḿbà rẹ̀, nítorí náà kábọ̀nù tí ó so mọ́ ọn, tí ó ti ń jẹ́ aláìní láti ìgbà yìí wá, di ọlọ́rọ̀ lójijì, ọlọ́rọ̀ tí ebi háídrójìn ń pa. Bí ó bá sì rí omi, ì báà ṣe ìkán omi tí afẹ́fẹ́ òkun fi sára ìgò, yóò gba háídrójìn rẹ̀, iṣẹ́ á sì bàjẹ́. Kí a kó gbogbo ohun èlò gíláàsì sínú ààrò gbígbóná ní àárọ̀, kí a jẹ́ kí wọn tutù níbi tí afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin kò ti lè dé ọ̀dọ̀ wọn, kí a sì pa gbogbo ẹnu ìgò dé. Nínú ọyẹ́ iṣẹ́ náà a máa rọrùn ju nínú òjò oṣù kẹfà lọ.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣí orí kejì, kí ó ṣe iṣẹ́ mẹ́ta yìí lórí bébà òfìfo. Kí ó ya acetone, kí ó tọ́ka sí kábọ̀nù tí ó jẹ́ aláìní jù lọ, kí ó sì fa ọfà tí yóò fi hàn bí kábọ̀nù ti Grignard yóò ṣe wá bá a. Kí ó ya trichloroacetic acid lẹ́gbẹ̀ẹ́ acetic acid, kí ó sì sọ, láti inú nọ́ḿbà márùn-ún tí ó há sórí, èyí tí yóò lágbára jù nínú méjèèjì àti ìdí rẹ̀. Kí ó wá ya mólékù epo kan tí okùn rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ oníkábọ̀nù 12, kí ó ka iye hydroxide tí yóò nílò kí ó tó di ọṣẹ tán, kí ó sì fa ọfà fún gbogbo wọn láìfo ọ̀kankan.